Ajá ọdẹ tí mo gbà sílé ológbò: ẹ wá sọ ìrírí tiyín náà

Màmá Adúmáadán, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran nílé. Mo ṣèlérí fún ìyá kan ní Ìjerò pé màá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ajá kan, ológbò rẹ̀ ti sá gun òrùlé, kò sì mọ ohun tó máa ṣe. Ẹni tó bá ní ìrírí tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó sọ ọ́. Ẹ má sọ èyí tó dáa nìkan. Èyí tó burú ló máa ran ìyá yìí lọ́wọ́ jù.

Ológbò méjì ni mo ní. Adúmáadán ti pé ọmọ ọdún 7, òun ló ń ṣọ́ yàrá tí mo ń kó àgbàdo àti gààrí sí. Músù ò tíì pé ọdún kan nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Apá Bàṣírì ni ilé wa wà, igi máńgòrò kan sì wà lẹ́yìnkùlé.

Ajá ọdẹ ni ajá tí mo gbà. Bàbá àgbàlagbà kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ìgèdè ló ni ín. Nígbà tí ojú bàbá ò ríran lóru mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ tà á. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ajá ń wọ ìkòkò ọbẹ̀ lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ń fi bọ Ògún. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń jẹ tàbí ohun tó ń bọ. Ṣùgbọ́n ajá tó ti bá èèyàn wọ igbó lóru fún ọdún mẹ́ta, tó ń ta bàbá lólobó bí ejò bá wà lọ́nà, ọkàn mi ò gbà á. Mo san iye tí àwọn ẹlẹ́ran fẹ́ san, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Sùúrù lorúkọ tí bàbá sọ ọ́, n kò sì yí i padà.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo gbé Adúmáadán mọ́ àyà, mo bẹ̀rẹ̀ níwájú ajá, mo ní kí wọ́n kí ara wọn. Mo rò pé bó bá ti wà lọ́wọ́ mi, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Sùúrù ò gbó. Ó dúró gbagidi, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan kúrò nílẹ̀ díẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì dojú kọ wa, ó pa ẹnu dé. Mo tilẹ̀ ń yìn ín lọ́kàn mi pé ajá jẹ́jẹ́ ni. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti fò. Adúmáadán ya mí lára láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó gba orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí ibi tí páálí àjà ti ṣí, ó wọ inú àjà lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò sọ̀kalẹ̀. Mo ń gbé omi àti ẹja sórí kọ́bọ́ọ̀dù lálẹ́, bí mo bá jí tí mo bá abọ́ lófìfo, ìgbà yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè.

Mo pe bàbá lórí fóònù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ọmọ mi, ó gbó àbí kò gbó?"

"Kò gbó, bàbá."

"Háà. Ajá tó ń gbó, ó ń bá ẹran sọ̀rọ̀ ni. Èyí tó dákẹ́ ti ń dẹ ẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà lé. Gbogbo wa la máa ń bẹ̀rù ajá tó ń pariwo. Èyí tó tẹ́ ọwọ́ iwájú sílẹ̀, tó gbé ìdí sókè, tó ń gbó, eré ló ń pe ológbò sí, bí eré náà tilẹ̀ lè le ju ohun tí ológbò lè gbà lọ. Èyí tó gan pa, tí ojú rẹ̀ ò kúrò lára ológbò, òun ni kí ẹ fà sẹ́yìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ tún rántí pé èdè wọn ò bára mu. Bí ajá bá ń ju ìrù, inú rẹ̀ sábà máa ń dùn. Bí ológbò bá ń na ìrù sọ́tùn-ún sósì, inú ti ń bí i. Ajá á rí ìrù yẹn, á rò pé wọ́n ń pe òun.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni mo kọ́kọ́ lọ gbà fún wọn, torí bàbá sọ pé ajá náà ò gbà á rí. Mo gbé ajá lọ lọ́jọ́ kan, mo gbé àwọn ológbò lọ lọ́jọ́ kejì, nítorí ológbò náà lè kó dìgbòlugi. Ẹ má sọ pé ẹ máa ṣe é tó bá yá. Àìsàn yẹn, bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń là á já. Bí ẹran bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà mo yà wọ́n. Géètì onírin kan wà láàárín kíṣìnì wa àti pálọ̀. Sùúrù ń gbé apá kíṣìnì pẹ̀lú ẹ̀yìnkùlé, àwọn ológbò ń gbé apá pálọ̀ àti yàrá, mo sì fi páálí bo géètì látòkè délẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó rí ẹnì kejì rẹ̀. Òórùn nìkan ni mo ń gbé láàárín wọn. Mo fi àkísà kan nu ọrùn Sùúrù, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ àwọn ológbò. Mo fi òmíràn nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adúmáadán, mo gbé e sórí àpò tí Sùúrù ń sùn lé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbá àkísà náà mú, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń pa òkété, ó fà á ya. Mo fi òmíràn síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo tún fi òmíràn síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi orí lé e sùn.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé páálí náà, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Mo so okùn ajá mọ́ ìbàdí mi, mo sì fi iyán sínú abọ́ kékeré. Àwa Èkìtì, kí la tún ní tó dùn tó o? Iyán funfun lásán, tí kò tóbi ju èékánná lọ, láìsí ọbẹ̀, torí pé àlùbọ́sà ò dáa fún ajá. Bó bá wo ológbò, n kò ní sọ nǹkan kan. Màá dúró. Bó bá fúnra rẹ̀ yíjú sí mi, "O káre!", iyán ti dé ẹnu rẹ̀. Bó bá gan tí kò lè yíjú, mo mọ̀ pé a ti sún mọ́ jù, a ó sún sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún nírọ̀lẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan ní kí n nà án kó lè mọ̀ pé èèwọ̀ ni. N kò gbà, n kò sì ní gbà títí láé. Bó bá ń jẹ pàṣán ní gbogbo ìgbà tó bá rí ológbò, ohun tó máa kọ́ ni pé ológbò ló ń mú ìyà wá.

Ní tàwọn ológbò, mo pe káfíńtà kó kan pákó mọ́ ògiri láti orí kọ́bọ́ọ̀dù dé ojú fèrèsé, láti ibẹ̀ dé orí fíríìjì, kí wọ́n lè gba òkè kọjá láti ìpẹ̀kun ilé kan dé èkejì. Oúnjẹ wọn bọ́ sókè. Àpótí iyanrìn wọn bọ́ síbi tí ajá ò lè dé, torí ajá máa ń jẹ ìgbẹ́ ológbò, ológbò tí wọ́n bá sì ti ká mọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè má padà lò ó mọ́. Ṣaworo tí bàbá ń so mọ́ Sùúrù lọ́rùn nínú igbó, mo so ó padà. Ìyẹn ran Adúmáadán lọ́wọ́ ju ohunkóhun lọ. Ó ń gbọ́ ibi tí ajá wà kó tó rí i.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú ọ̀sẹ̀ kẹfà. Mo ń gúnyán ní kíṣìnì, mo so Sùúrù mọ́ òpó, géètì sì ṣí. Adúmáadán bọ́ sílẹ̀ láti orí fíríìjì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fa ikùn mọ́ilẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dá ọmọ odó dúró lókè. Sùúrù ti rí i. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbé nǹkan mì, ṣaworo ò dún. Ológbò dé ìdí àmù. Ṣaworo ò dún. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ṣaworo wá dún lẹ́ẹ̀kan, mo bojú wolẹ̀, àfi bí mo ṣe rí ojú Sùúrù tó ń wò mí, tó ń retí iyán. Mo bu gbogbo ohun tó wà lẹ́nu odó fún un. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní oṣù kẹta tí Sùúrù dé, Músù lé aláǹgbá kan gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, Sùúrù já okùn gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó gbá tẹ̀lé e. Igi máńgòrò ló gba Músù là. Ológbò tó ń rìn àti èyí tó ń sáré, ohun méjì ni lójú ajá. Èyí tí ajá ti mọ̀ nínú ilé lè di ẹran ìgbẹ́ lójú rẹ̀ bó bá ti ń sáré níta. A bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìnkùlé látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú okùn gígùn.

Ọmọ Ọlọ́dẹ, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Òótọ́ pọ́ńbélé ni bàbá yẹn sọ. Nínú igbó, bí ajá wa bá dákẹ́, a ti mọ̀ pé nǹkan wà níwájú.

Ti èmi rọrùn díẹ̀, torí ọmọ oṣù méjì ni ajá mi nígbà tí mo mú un wálé. Dókítà ẹranko sọ fún mi pé láti ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọmọ ajá máa ń tètè gba ohun tó bá ń rí bí ará ilé. Ológbò ìyá mi gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, látìgbà yẹn ló ti ń yà fún un lọ́nà. Inú agbọ̀n kan náà ni wọ́n ń sùn báyìí. Mo kàn ń gé èékánná ológbò náà lórí ṣónṣó, torí ojú ajá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ajá yìí kan náà pa ológbò aládùúgbò wa. Ológbò ilé rẹ̀ ló mọ̀, kò mọ gbogbo ológbò. A lọ bẹ bàbá tó ni ín, a bá wọn sin ín, n kò sì tú ajá sílẹ̀ láìsí okùn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá Ìbejì, Ìkéré-Èkìtì

Ó ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ ní ká sọ èyí tó burú.

Oṣù méjì ni ajá mi àti ọmọ ológbò kan ti jọ wà. Wọ́n ti ń ṣeré, mo ti ń ya fọ́tò wọn fún àwọn ọmọ mi l'Ékòó. Lọ́jọ́ náà, mo sá láfún sórí àpáta, òjò ṣú lójijì, mo sáré lọ kó o. N kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Eegun tí mo fún ajá wà nílẹ̀. Ó dá mi lójú pé ọmọ ológbò náà lọ síbi eegun yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ajá gbé e mú, torí ojú ibi eyín rẹ̀ kan péré la rí. Nígbà tí mo wọlé, ọmọ ológbò náà ti kú, ajá náà ti sá sábẹ́ àga, ó ń gbọ̀n.

N kò lé e. Èmi ni mo fi eegun sílẹ̀. Báyìí, bí ajá bá máa jẹun, ilẹ̀kùn á wà ní títì. Bí mo bá sì máa jáde, àní bó ṣe ẹnu ọ̀nà lásán, màá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń sọ fún ara rẹ̀ pé "wọ́n ti mọra", ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí mi.

Tíṣà, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á tu yín nínú.

Màmá Adúmáadán, ajá tèmi ti lo oṣù márùn-ún. Gbogbo ohun tí ẹ kọ ni mo ti ṣe. Bó bá ti rí ológbò lókèèrè, ó gan nìyẹn, kò ní gba ẹran pàápàá lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n ṣì máa tẹ̀síwájú?

Màmá Adúmáadán, Adó-Èkìtì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ṣeun tí ẹ lè sọ ọ́.

Tíṣà, ajá tí kò bá lè jẹun níwájú ológbò, tí ẹ ti sún sẹ́yìn sún sẹ́yìn tí kò yí padà, mo rò pé kò ní lè bá a gbé. Àwọn kan wà tí kò lè ṣe é, kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ajá. Bí ẹ bá ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pín ilé lò: kí ológbò wà nínú ilé nígbà tí ajá bá wà níta, kí wọ́n má pàdé láé. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ wá ilé tí kò ní ológbò fún un. Ẹ fara balẹ̀ wá ilé náà, kí ẹ lọ wo ibi tó máa sùn. Ẹ má fà á fún ẹni tó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń béèrè iye tí ẹ máa tà á. Bí ẹ bá ń bọ̀ l'Ádó, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, a ó jọ wá a.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé tí Sùúrù ti dé. Músù máa ń na ara lé e lẹ́yìn bí ọyẹ́ bá mú. Adúmáadán ṣì ń gba orí pákó rẹ̀ kọjá, n kò fi dandan mú un. Bí mo bá fẹ́ sùn lálẹ́, mo ṣì ń ti géètì kíṣìnì, mo ń dúró títí ṣaworo á fi dákẹ́, kí n tó paná.