Abẹ́rẹ́ ásímà olóṣooṣù yìí, ta ló ti gbà á rí?

Àbíkẹ́_London: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Màámi ni o, ásímà ò jẹ́ kí wọ́n sinmi, láàárín ọdún kan péré wọ́n ti lo prednisolone, oògùn steroid yẹn, lẹ́ẹ̀marùn-ún, ojú wọn ti wú rọ̀bọ̀tọ̀, ṣúgà wọn ti gòkè, tó bá di òru wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú kí wọ́n tó lè mí. Dókítà wá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ mepolizumab, pé eosinophil inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti pọ̀ jù. Màámi ní àwọn ò gba abẹ́rẹ́ tí kò lópin. Ẹ̀rù ń bà mí, kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá Bọ́lá: Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi, mo ti wà lórí ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Eosinophil yẹn, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan ni, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ tó bá ti pọ̀ jù, ọ̀nà èémí wa gan-an ló máa dojú ìjà kọ, èròjà kan nínú ara tí wọ́n ń pè ní IL-5 ló sì ń bọ́ ọ, òun ni abẹ́rẹ́ yẹn ń dí lọ́nà. 100 mg ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, èmi fúnra mi ni mo ń gún un sí itan, màá kọ́kọ́ yọ ọ́ nínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú torí tó bá tutù ó máa ń ta èèyàn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan o, ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó ṣàkíyèsí pé mo gun àtẹ̀gùn ilé wa dé òkè láì dúró mí, mo sì sunkún lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n má sọ ínhélà nù o! Steroid náà, kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù.

Délé: Sister Àbíkẹ́, ọ̀rọ̀ pé kò lópin yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, máa yẹ̀ ẹ́ wò tó bá pé ọdún kan, tí kò bá ṣiṣẹ́ wọ́n á dá a dúró. Wọn kì í sì fún gbogbo èèyàn, eosinophil gbọ́dọ̀ tó 300 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan (ìwọ̀n bíńtín) kéèyàn sì ti lo steroid lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún (tó bá tó 400, ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó), tàbí kó máa lò ó lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ pé àlejí ló ń fa tiwọn, abẹ́rẹ́ mìíràn wà tó ń jẹ́ omalizumab, láti 2003 ni wọ́n ti ń lò ó ní Amẹ́ríkà. Tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, torí tí aràn bá wà nínú wọn, aràn yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú.

Àbíkẹ́_London: Ẹ ṣé gan-an ni mà, Bọ̀ọ̀dá Délé ẹ ṣé. Mo ti kà á sí màámi létí. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní kí n bi Ìyá Bọ́lá, àtẹ̀gùn yẹn ṣé ó pọ̀?