RDT (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíákíá fún ibà) ọmọ ọdún 2 ṣì ń gbé ìlà méjì (ìyẹn ni pé ó ní ibà wà) lẹ́yìn tó lo oògùn ibà tán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ wà ní lábù àti ní kílíńíìkì àwọn ọmọdé.

Ọmọ náà wọn kílò 11. Ó lo artemether-lumefantrine 20/120, hóró kan lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 3, pẹ̀lú wàrà. Kò bì í, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá, ara tún gbóná dé 38.6°C, RDT sì tún gbé ìlà méjì.

HRP2, èròjà tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ni RDT yìí ń wá, ó sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyẹn: ìlà tàtijọ́ ni, àbí ibà tuntun?

Mo tún un ṣe pẹ̀lú páálí mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ 5 µL, mo kà á ní ìṣẹ́jú 20 gééré, torí pé bí èèyàn bá pẹ́ kó tó kà á, ìlà èké lè yọ. A wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù, aró Giemsa 3% fún ìṣẹ́jú 45. Kò sí kòkòrò kankan. Ẹnì kan péré ló wò ó ṣá o. Mo ti yẹ etí, àyà àti ìtọ̀ wò, n kò rí nǹkan kan.

Bí RDT tó ń wá pLDH (èròjà tí kòkòrò ibà tó ṣì wà láàyè ń ṣe) kò bá gbé ìlà, ṣé mo lè gbára lé e kí n má fún ọmọ yìí ní oògùn ibà lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí pLDH máa ń fo kòkòrò tí kò pọ̀? Àbí kí n tún ẹ̀jẹ̀ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ̀ẹ̀melòó, wákàtí mélòó sí ara wọn?