Ṣé òdo la máa ń kà ni? 0.00036 àti 3.6 × 10⁻³

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìṣirò. Mo kọ 0.00036 ní ìlànà sáyẹ́ǹsì báyìí: 3.6 × 10⁻³, torí pé òdo mẹ́ta ló wà lẹ́yìn póìǹtì. Ìdáhùn inú ìwé ní 10⁻⁴ ni. Mo tún kọ 45,000 ní 45 × 10³, wọ́n fagi lé e. Bí mo bá sì tẹ 6 × 10⁸ sórí ẹ̀rọ ìṣirò, èsì rẹ̀ máa ń fi ìlọ́po mẹ́wàá tóbi jù. Níbo ni mo ti ń ṣì í?

Ìdáhùn 1
Òdo tẹ́ ẹ ń kà yẹn ló ṣì yín lọ́nà. Iye ìgbà tí póìǹtì fò ni kẹ́ ẹ kà. Nínú 0.00036, ó fo òdo mẹ́ta, ó tún fo 3 fúnra rẹ̀ kó tó dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nìyẹn. Ọ̀tún ló sì forí lé, ìdí nìyẹn tí agbára 10 (nọ́ńbà kékeré tó wà lókè 10) fi gba àmì àyọkúrò: 3.6 × 10⁻⁴. 3.6 × 10⁻³ tiyín, 0.0036 nìyẹn.

Ẹ wo ìyára ìmọ́lẹ̀: 299,792,458 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Póìǹtì fò lẹ́ẹ̀mẹjọ sí òsì, ó di 2.99792458 × 10⁸. Kí lẹni tó ń ka òdo fẹ́ kà níbẹ̀?

Iye 45 × 10³ ò yàtọ̀ sí 45,000, òfin ló rú. Nọ́ńbà iwájú ò gbọ́dọ̀ dín ní 1, kò sì gbọ́dọ̀ tó 10. Ẹ sọ 45 di 4.5, kẹ́ ẹ fi ẹyọ kan kún agbára: 4.5 × 10⁴.

Ìdáhùn 2
Àwọn ẹnjiníà máa ń kọ 45 × 10³ bẹ́ẹ̀ o, torí agbára tó ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta bá kílò (10³) àti mẹ́gà (10⁶) mu. Nínú ìdánwò, ẹ má dán an wò.

Ní ti ẹ̀rọ, bọ́tìnì EXP (EE tàbí ×10ˣ lórí òmíràn) ti ní “× 10” nínú. Ẹni tó tẹ 6, ×, 10, EXP, 8 ti sọ ọ́ di 60 × 10⁸. 6, EXP, 8 ti tó. Bó bá gbé 6E8 jáde, ẹ má da E kọ sínú ìwé. Fún agbára tó ní àmì àyọkúrò, bọ́tìnì (−) ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kì í ṣe ti ìyọkúrò.

Ìdáhùn 3
Ìròpọ̀ ló kù tó máa ń gbé èèyàn ṣubú. 3 × 10⁵ + 2 × 10⁴ kì í ṣe 5 × 10⁹. Ẹ kọ́kọ́ mú agbára méjèèjì dọ́gba: 3 × 10⁵ + 0.2 × 10⁵ = 3.2 × 10⁵. Ìsọdipúpọ̀ nìkan la ti ń ro agbára pọ̀: (4 × 10⁶) × (5 × 10⁻²) = 20 × 10⁴. Ẹ má dúró síbẹ̀, 20 ti kọjá 10. 2 × 10⁵ ni.

Ẹ rántí pé 10⁻³¹ ò túmọ̀ sí pé nǹkan náà dín sí òdo. Ìwọ̀n ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù, ohun tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, jẹ́ 9.109 × 10⁻³¹ kílógíráàmù: ó kéré gan-an ni, àmọ́ ó wà.

Olùbéèrè
Mo dúpẹ́ o. 0.00000907 wá jẹ́ 9.07 × 10⁻⁶, àbí? Òdo àárín yẹn ló ń dà mí láàmú.

Ìdáhùn 1
Ẹ gbà á. Èyí tó wà láàárín 9 àti 7 ò lọ síbì kankan. Àwọn tó ṣáájú 9 nìkan là ń kó kúrò.