Ẹ̀rọ ìlọta láti Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ ní Houston

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè nígbà yẹn bóyá ẹ̀rọ ìlọta tí màmá mi rà fún mi kí n tó kúrò ní Ìbàdàn lè ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà níbí. Ó ti ń ṣiṣẹ́ o! Ata rẹ̀ ń kúnná bíi ti ilé, inú mi dùn gidigidi.

Fóltì 230 ni iná Nàìjíríà, 120 ni tibí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n kàn pààrọ̀ ẹnu wáyà, ìyẹn nìkan kò lè gbé iná sókè. Tiransifọ́mà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé fóltì 120 sókè sí 230, ló ṣe é. Wáàtì 600 ni wọ́n kọ sídìí ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n èyí tó lè gbé 1,500 ni mo rà, torí mọ́tò máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra.

Tiransifọ́mà kì í yí Hertz padà, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: 50 ni tilé, 60 ni tibí. Irú mọ́tò tó wà nínú ẹ̀rọ ìlọta kò ka ìyẹn sí. Fìríìjì àti fáànù ló lè yọ lẹ́nu, ẹ má gbé wọn wá.

Ṣájà fóònù àti ti lápútọ́ọ̀pù ńkọ́? Bí ẹ bá rí 100–240 lára wọn, ẹnu wáyà nìkan ni ẹ nílò. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù, ẹ fi sílẹ̀ fún àbúrò yín. Tiransifọ́mà tó lè gbé wọn wúwo, ó sì wọ́n ju kí ẹ ra tuntun níbí lọ.