Import pandas ti ṣiṣẹ́ o

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Níjẹta ni mo ké gbàjarè láti Adó-Èkìtì níbí pé VS Code, ibi tí mo ti ń kọ kóòdù Python, ń sọ "No module named 'pandas'" (pé òun ò rí pandas, àkójọ irinṣẹ́ Python fún iṣẹ́ dátà), bẹ́ẹ̀ pip, tó ń kó irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ń tẹnu mọ́ ọn pé "Requirement already satisfied" (pé ó ti wà níbẹ̀). Ó ti yanjú!

Àbúrò tó ní kí n wo sys.executable, tó ń fi Python tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ hàn, Ọlọ́run á bù kún ọ. Iná dé lálẹ́ àná, mo tẹ̀ ẹ́, ló bá gbé ọ̀nà Python 3.9 jáde. 3.12 sì ni pip ń kó ẹrù sí! Mo tẹ Ctrl+Shift+P, mo lọ sí "Python: Select Interpreter", níbi tí a ti ń yan Python tí VS Code máa lò, mo mú 3.12. Kíá ló ṣiṣẹ́.

Láti ìsinsìnyí, "python -m pip install" ni mò ń lò, kí ẹrù lè bọ́ sílé tó yẹ. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.