Ìmúrasílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Olùkọ́ Kubwa:
Ẹ̀yin ará, mo kí i yín o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Kubwa, l'Ábújá níhìn-ín. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ kọ́ni, ṣùgbọ́n fóònù nìkan ni mo ní, iná kò sì dúró sójú kan. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Ìbejì, Kàdúná:
Ẹ kú ìmúra, sà. Fóònù tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí Moodle, ìyẹn ètò orí ẹ̀rọ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi ń gbé ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń lò, ó ní áàpù tó ń jẹ́ kí ènìyàn fa ẹ̀kọ́ sórí fóònù, kí ó sì kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ máa fà á nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Ẹ tètè gbìyànjú bí wọ́n ṣe ń fi fáìlì ránṣẹ́. Èmi kò gbìyànjú rẹ̀ rí títí di alẹ́ tí iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ yẹ kó wọlé. Fọ́tò ìwé mi wúwo jù, ó ń yí, ó ń yí, títí ojú ewé náà fi tì mọ́ mi. Ó dùn mí gan-an.

Bàbá Nyanya:
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Ẹ tún wo aago tí wọ́n ń lò fún àkókò tí iṣẹ́ yẹ kó wọlé: Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣáájú UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà, aago ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ máa ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Olùkọ́ Kubwa:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Lálẹ́ òní ni màá dán fáìlì náà wò.