Èéfín Òróró, Èéfín Rííǹgì, tàbí Èéfín Àkọ́jí?

Àbá méjì ló wà níwájú wa lórí orúkọ èéfín tó máa ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu sàlẹ́ńsà lọ́rì àtijọ́ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ẹnì kan ní ká pè é ní "èéfín òróró". Ẹlòmíràn ní "èéfín rííǹgì" (rííǹgì ni òrùka irin ara písítínì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì), torí ohun tí àwọn dẹ́rẹ́bà Iléṣà níbí ń pè é nìyẹn. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èkejì ló tilẹ̀ burú jù, torí ó ń mú kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì tí kò yẹ ní títú.

Ká yára kúrò lórí òróró. Inú agbada àkàrà ni òróró wà. "Epo" náà kò ràn wá lọ́wọ́: epo pupa, epo bẹntiróòlù, epo dísẹ́ẹ̀lì, epo ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, èéfín dísẹ́ẹ̀lì tí kò jóná tán àti èéfín óìlì, ìyẹn ohun tó ń mú irin inú ẹ́ńjìnnì yọ̀, ni ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Óìlì ni gbogbo mẹkáníìkì ń pè é. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ óìlì. Ẹni tó sì ní ká máa sọ pé ẹ́ńjìnnì "ń mu óìlì", torí pé nǹkan olómi ni, ẹ rántí pé mọ́tò ń jẹ epo, ilé kíkọ́ ń jẹ owó. "Ń jẹ óìlì" ló tọ̀nà.

Àwọ̀ ni ìṣòro gan-an. Bí a bá ní "funfun" fún gbogbo èéfín tí kò dúdú, nǹkan mẹ́ta la ti dà pọ̀. Omi rédíétọ̀ tó wọ inú sílíńdà (ihò tí písítínì ti ń ṣiṣẹ́) máa ń funfun bí ooru ìkòkò, kì í pẹ́ kó tó pòórá. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò jóná náà ń funfun, ṣùgbọ́n ó ń ta ni lójú. Ti óìlì ní àwọ̀ aró díẹ̀ lára, ó sì máa ń pẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Mo dábàá "èéfín àyìnrín" fún èéfín óìlì lápapọ̀. Àwọn aláró mọ̀ pé àyìnrín ni aró tí kò rinlẹ̀, tí kò tíì dé ẹtù. Bí ojú bá ń ṣiyèméjì, ẹ na aṣọ funfun síwájú ẹnu sàlẹ́ńsà fún ìṣẹ́jú kan: omi á gbẹ, óìlì á fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀.

Ẹ̀bi "èéfín rííǹgì" ni pé ó ti dájọ́ kí a tó gbọ́ ẹjọ́. Rííǹgì tó ti gbó kì í yan àkókò. Iṣẹ́ líle èyíkéyìí á mú un tú èéfín. Èyí tó ń wá tó tún ń lọ, ìgbà tó ń yọjú ló yẹ ká fi sọ ọ́ lórúkọ.

"Èéfín àkọ́jí" ni tàárọ̀, tó ń tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Óìlì tó gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ sùn ló ń jó. Fáàfù síìlì (rọ́bà tó ń dá óìlì dúró lára fáàfù) àti gáìdì (ihò tí ọ̀pá fáàfù ń gbà) ni kí ẹ wò.

"Èéfín àdúrópẹ́" ń jáde bí ọkọ̀ bá ti wà ní sílò (tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ láìrìn) fún bí ogún ìṣẹ́jú, tí dẹ́rẹ́bà wá tẹ tọ́tù kí ó lè sáré. Bí tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) bá wà, ẹ tú họ́ọ̀sì tó ti ibẹ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ wò ó bóyá óìlì ti rin ín, ẹ mi ọ̀pá tọ́bò, ẹ yẹ páìpù tí óìlì fi ń padà wò bóyá ó ti dí. Mercedes 911 tó ní ẹ́ńjìnnì OM 352 lásán kò ní tọ́bò rárá. OM 352A ló ní in.

"Èéfín òkè" ló gba àròjinlẹ̀ jù lọ́dọ̀ wa, níbi tí ọkọ̀ ti ń fi ẹrù gun òkè láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ẹ kọ́kọ́ fa gééjì óìlì (ọ̀pá tí a fi ń wọn óìlì) yọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ẹ pa á. Bí óìlì bá kọjá àmì òkè, káráńkì (ọ̀pá ńlá tí písítínì ń yí) ń lù ú ni, ó sì ń fọ́n ọn kiri. Bó bá ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì ló ń jò sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fíltà afẹ́fẹ́ tó ní óìlì nísàlẹ̀: ìlà tó wà lára abọ́ rẹ̀ ni òdiwọ̀n. Bí wọ́n bá bù ú kọjá ìlà, tí ọkọ̀ bá dagun, ẹ́ńjìnnì á fà á mu. (Níbí gan-an ni "mu" ti bá a mu.) Ewu ńlá ni: ẹ́ńjìnnì lè fi óìlì yìí sáré láìgba dísẹ́ẹ̀lì, pípa á kò ní ràn. Pákó ni kí wọ́n fi dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kì í ṣe ọwọ́.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá mọ́ ni ká tó dárúkọ rííǹgì. Ẹ fi óìlì kún dé àmì, ẹ wọn ohun tí ẹ fi kún un lẹ́yìn 1,000 kìlómítà. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ní sílò, ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da óìlì sí: bí èéfín bá ń tì jáde kíkankíkan, ẹ wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n (agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń fún pọ̀) sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ fi wọ́n wéra. Ẹ má da óìlì sínú sílíńdà bí wọ́n ti ń ṣe fún bẹntiróòlù. Àyè orí písítínì dísẹ́ẹ̀lì kéré. Èéfín ìdérí yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní "kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n ń jáde". "Èémí àṣìgbà" ni èmi yóò pè é, torí ọ̀nà rẹ̀ kọ́ ló gbà.

N kò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún sílífù (ògiri inú sílíńdà) tó ti yọ̀ nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń pẹ́ jù ní sílò lójoojúmọ́, tí rííǹgì kò fi rí ibi dì mú. "Dídán" ń dún bí ìyìn.